Ẹni Tí Ń Ki Ara Rẹ̀

Omi kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé ní Campama, àdúgbò kan ní Banjul. Nígbà tí Kàfáyàt sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí ibùsùn ní ìdájí ọjọ́ náà, tútù ni ilẹ̀ fi kí i. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ti gbé bàtà Essa, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan ṣáájú, èkejì tẹ̀ lé e, bí ẹni pé ọmọ kan tí a kò rí ni ó wọ̀ wọ́n tí ó ń jáde lọ. Kàfáyàt dúró wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ni ó ní "Àúsù bílláhì," ó ṣa bàtà náà, ó gbé wọn sórí àpótí.

Ọdọọdún ni òjò ń ṣe wọ́n báyìí. Ọdọọdún ni àwọn ẹni ńlá ń wá wo omi náà láti inú mọ́tò, wọn a mi orí, wọn a lọ. Gọ́tà tí wọ́n ṣèlérí kò tíì kúrò lórí ahọ́n. Ìrẹsì sì wọ́n, ẹ̀pà àwọn ará oko kò dára láti ọdún mélòó kan, abọ́ tánganran tí Màmúdù ọkọ rẹ̀ ń tà lọ́jà kò rí ẹni bi í léèrè. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti bá ebi wọ ilé yìí, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni.

Jìbírílù, ẹ̀gbọ́n Màmúdù, tí ó ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọsirélíà láti ọdún mẹ́fà, ni ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀. Fọ́ọ̀mù ti dé. Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀dé, tíṣà tí ó ń bá àwọn ará Nàìjíríà kọ ìwé ìjọba, yóò bá fẹ́rì aago mẹ́rin kọjá sí Bara ní òdìkejì odò lọ́jọ́ náà, yóò sì gbé ìwé gbogbo ènìyàn dé Dakar, níbi tí wọ́n ti ń gba àṣẹ ìrìn àjò. Màmúdù ti fọwọ́ sí tiwọn. Ó ku Kàfáyàt. Bí ìyá ọmọ kò bá fọwọ́ sí i, ọmọ kò lè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìlà márùn-ún ni ó wà lórí fọ́ọ̀mù náà fún àwọn tí yóò lọ: ọkọ, aya, ọmọ, ọmọ, ọmọ. Kò sí ìlà ìyá. Ẹni tí ó tẹ ìwé náà, àfi bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀run ni ó ti já bọ́, nítorí ẹni tí obìnrin bí kò yẹ kí ó gbàgbé débẹ̀.

Ìyá Màmúdù tí a kò rí ìlà fún wà nínú yàrá kejì, ó na ẹsẹ̀ òsì sórí àga. Egbò ti jókòó ti ẹsẹ̀ náà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àràárọ̀ ni Kàfáyàt ń fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀ ẹ́, tí ó ń fi aṣọ mímọ́ wé e. Ní àárọ̀ yìí, orí bẹ́ńṣì ni ó kúnlẹ̀ sí láti wẹ̀ ẹ́, kí omi ilẹ̀ má bàa dé ibẹ̀.

"Àyọ̀kẹ́," ni Ìyá wí. Oríkì rẹ̀ ni Ìyá máa ń pè é. "Ṣé omi yìí ti dé ibi tí ó dé lésìí?"

"Ó ti kọjá rẹ̀, Ìyá."

"Háà, Bátọ́ọ̀stì." Ó ti lé ní ọdún kan tí ìjọba ti yí orúkọ ìlú náà padà sí Banjul, ṣùgbọ́n Ìyá ní òun kò lè kọ́ orúkọ ìlú kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo omi tí ó ń rá wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. "Kò pariwo rárá. Ohun tí kò pariwo ni mo bẹ̀rù."

Ní yàrá iwájú, Màmúdù ti fi bíríkì sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì gbé téèpù ka orí rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí Jìbírílù fi ránṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Màmúdù tún fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, bóyá èyí ni yóò wọ ìyàwó rẹ̀ létí. Mùtíàt, ọmọbìnrin wọn ọlọ́dún mẹ́wàá, ni ó bá a tẹ̀ ẹ́.

"Màmúdù, èmi ni o," ni ohùn Jìbírílù wí. "Ilé oníyàrá mẹ́ta ni mo wà. Omi ẹ̀rọ ń ṣàn nínú ilé, tútù lọ́tọ̀, gbígbóná lọ́tọ̀. Mo ti rí iṣẹ́ fún ọ níbi tí wọ́n ti ń rọ irin. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, òru ni lọ́dọ̀ mi, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ yín. Nígbà tí ẹ bá ń jí, èmi ń lọ sùn. Mùtíàt ńkọ́? Essa tí n kò tíì rí ńkọ́? Essa o!"

Ó dákẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

"Náàmù!" ni Essa dáhùn, bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń jẹ́ ìpè. Ó sáré lọ wo ẹ̀yìn téèpù náà. Kò rí ẹnìkan níbẹ̀. Ó wo abẹ́ tábìlì, omi nìkan ni ó wà.

"Ẹ bò ó lẹ́nu!" Ohùn Ìyá dún láti yàrá kejì. "Ta ní ní kí ó dáhùn? Bí wọ́n bá pe ènìyàn tí kò bá rí ojú ẹni tó pè é, kì í jẹ́ ẹ."

"Ìyá, Bọ̀ọ̀dá ni," ni Màmúdù wí.

"Ohùn bọ̀ọ̀dá rẹ ni mo gbọ́. Ṣé o rí ojú rẹ̀? Ṣé o mọ ẹni tó bá a dúró níbẹ̀?"

Màmúdù pa téèpù náà. Ó fa fọ́ọ̀mù yọ láti inú ike tí ó fi wé e, ó gbé e síwájú Kàfáyàt, ó fi bírò lé e.

"Fọwọ́ sí i kí n gbé e lọ."

"Bàbá Mùtíàt, ìlà wo ni Ìyá wà?"

"A ó máa fi owó ránṣẹ́ sí wọn. Aminata alábàágbé wa á máa bá wa bojú tó wọn."

"Ṣé Aminata ni yóò máa wẹ egbò?"

"Ṣé kí gbogbo wa kú sínú omi yìí nítorí egbò ni?"

Ẹyin lohùn. Láti yàrá kejì, Ìyá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í ṣe ikọ́ àìsàn. Ojú ti Màmúdù, ṣùgbọ́n ìtìjú ọkùnrin mìíràn, inú bíbí ni ó máa ń bá jáde.

"Ó ti sú mi," ni ó wí. "Tí ẹ kò bá lọ, èmi nìkan á lọ. Kí aago mẹ́rin tó lù ni mo fẹ́ rí ọwọ́ rẹ lórí ìwé yẹn."

"Ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́? Kí ni Bọ̀ọ̀dá sọ síbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òfìfo ni." Ó yára sọ ọ́, kò sì wo ojú rẹ̀. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi jáde lọ sí ọjà láti lọ gbé àwọn abọ́ rẹ̀ sókè.

Ẹ má rò pé Kàfáyàt kò fẹ́ lọ. Ó ti lá àlá omi gbígbóná tí ń ṣàn nínú ilé. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí ó bá ní òun nìkan yóò lọ, yóò lọ. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà ní òdìkejì ayé, kì í ṣe opó, kì í ṣe abilékọ. Ó ti rí irú wọn mẹ́ta ní àdúgbò Dippa Kunda. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó mú bírò, egbò ẹsẹ̀ Ìyá ni ó ń rí. Ó gbé bírò náà sílẹ̀, ó lọ fẹ́ iná.

Aminata tí ó ń gbé yàrá òdìkejì àgbàlá ni ó kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn náà, ó gbé abọ́ ògì ọkà gbígbóná lé orí. Wòlófù ni ó ń sọ, Kàfáyàt náà sì ń fi í dá a lóhùn; Ya ni ó ń pe Ìyá.

"Wàláyì, èmi ni mo bá ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, ẹ kò ní bá mi níbí láàárọ̀ ọ̀la," ni Aminata wí. "Ṣé òótọ́ ni pé bí ilẹ̀ bá mọ́ níbí, ilẹ̀ á ṣú níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá wí."

"Ndẹ́ẹ̀sàn. Àdúrà tí Ya bá gbà fún wọn ní Àsùbáà, ojú oorun ni yóò bá wọn." Bí ó ti ń káàánú tó, ojú rẹ̀ ń rin yàrá náà yí ká láti igun dé igun, ó ń wọn ibi tí ibùsùn tirẹ̀ yóò wà. "Bí ẹ bá ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún onílé pé èmi ni kí ó fún ní yàrá iwájú. Ya lè wà nínú tẹ̀yìn yẹn. Wọn kò gba àyè púpọ̀."

Kàfáyàt gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò tíì lọ, ẹni tí yóò sùn síbi wọn ti dé. Ó wá rí yàrá náà bí Aminata ṣe rí i: kò sí tábìlì, kò sí àpótí, kò sí ọmọ, obìnrin arúgbó kan nìkan ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí omi ń lọ bá.

Lẹ́yìn ìrun Ayílà, òjò dá. Kò sí ohun tí ó ń dún ní gbogbo agboolé bí kò ṣe ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá ní kí wọ́n gbé òun wá sí yàrá iwájú, nítorí tẹ̀yìn ti ń tutù jù. Kàfáyàt pọ̀n ọ́n wá, ó gbé e sórí ibùsùn. Ìyá fúyẹ́ ju bí ó ti rò lọ.

"Màámi," ni Mùtíàt wí, "ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì yìí kì í ṣe òfìfo o. Bàbá ti gbọ́ ọ níjọ́ kan, wọ́n sọ pé kí n jáde."

Kàfáyàt wo aago ara ògiri. Aago méjì ti kọjá. "Yí i padà," ni ó wí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń fẹ́ níbẹ̀. Kàfáyàt ti ń na ọwọ́ láti pa á nígbà tí ohùn jáde. Bátìrì ti ń kú lọ; ohùn Jìbírílù wúwo, ó falẹ̀, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga.

"Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o."

Ó dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́ ẹni tí kò mọ ohun tí yóò sọ. Ìwọ̀n tí ìyá fi ń dá ọmọ rẹ̀ lóhùn gẹ́lẹ́ ni ó dákẹ́ mọ.

"Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Ó tún dákẹ́.

"Ṣé Màmúdù ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu?"

Ìyá ti di ọwọ́ Essa mú, ó fi ìka sí ètè.

"Mo dọ̀bálẹ̀ o, Ìyá."

Èyí pẹ́. Wọ́n gbọ́ tí nǹkan gbún pákó ilẹ̀, bí ìgbà tí ọkùnrin tó sanra bá na ara rẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn náà, ohùn obìnrin jáde láti inú téèpù náà. Kàfáyàt yí padà kíákíá láti wo ẹnu Ìyá, nítorí ohùn Ìyá ni. Ẹnu Ìyá pa dé.

"Àjàmú ọkọ mi," ni ohùn náà wí. "Ọmọ Olóko-etí-odò. Ọmọ a-ru-ẹrù-má-sọ̀. Odò kún, baba rẹ..." Ó dúró. "Odò kún. Odò kún, baba rẹ..."

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ó tó yé Kàfáyàt pé Jìbírílù fúnra rẹ̀ ni. Ó fún ohùn rẹ̀ pọ̀, ó ń ṣe bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kì í ní àràárọ̀ tí ó bá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìgbà tí ó sì padà sí ohùn ara rẹ̀, ó rọra ń sọ ọ́.

"Ìyá, ibi tí mo máa ń bá a dé nìyẹn. Ìyókù ti ń sọ nù. Jímù ni wọ́n ń pè mí níbí. Kò sí ẹni tó ń kì mí. Àràárọ̀ ni mo ń dọ̀bálẹ̀ fún ògiri, tí mo ń ki ara mi."

Ó tán. Ọ̀pọ̀lọ́ gba ilé.

Ìyá kò sunkún. Ó ní kí Mùtíàt tún un gbé sí i, ó tún gbọ́ ọ, ó ń mi orí ní ibi ìdákẹ́ kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ sì ń mì. Nígbà tí ó tán lẹ́ẹ̀kejì, ó bi Mùtíàt bóyá àpótí téèpù náà lè gbọ́ràn bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ó lè gbọ́, Ìyá. Bàbá ní bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì pupa yìí pọ̀ mọ́ dúdú yìí, gbogbo ohun tí a bá sọ á wọ inú ẹ̀."

"Ó dáa. Ọmọ mi kí mi, ó fi àyè ìdáhùn sílẹ̀ fún mi. A kì í kí èèyàn kó má jẹ́. Tirẹ̀ ti wà nínú ẹ̀, kí tèmi náà bọ́ sí àwọn àyè yẹn, kí ẹ sì dá a padà fún un."

"Ìyá," ni Kàfáyàt wí, "ẹ̀yin lẹ ní kí a má dáhùn ẹni tí a kò rí. Ẹ ní a kò mọ ẹni tó bá wọn dúró níbẹ̀."

"Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, Àyọ̀kẹ́. Kò sí ẹnìkankan."

Mùtíàt yí kásẹ́ẹ̀tì náà dé ìbẹ̀rẹ̀. Ó tẹ pupa mọ́ dúdú. Ìyá dúró, ó ka ìkíni àkọ́kọ́ nínú ọkàn rẹ̀ títí ó fi tó, ó sì dáhùn. Ó tún dúró, ó tún dáhùn. Ó mọ gbogbo rẹ̀ lórí, bí ìyá ṣe ń mọ mímí ọmọ tó ń sùn. Nígbà tí ó kan oríkì, ó gbé ara rẹ̀ ró lórí ibùsùn, ó kì í dé òpin, kò sì fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Kàfáyàt gbọ́ ọ, ara rẹ̀ bù máṣọ. Kò ronú ohun tí títẹ pupa náà ń ṣe, ọmọ kò ronú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni téèpù náà ń yí lọ lójú wọn.

Màmúdù wọlé nígbà tí ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́ta ààbọ̀ lù. Òkìtì abọ́ wà lórí rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí ìwé, ó rí i pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ṣì wà lórí rẹ̀.

"Bàbá," ni Mùtíàt wí tayọ̀tayọ̀, "Ìyá ti dá Bọ̀ọ̀dá lóhùn! A tẹ pupa, wọ́n sọ tiwọn sáàárín ti Bọ̀ọ̀dá."

Abọ́ kan já bọ́ sínú omi, ó léfòó. Màmúdù kò wò ó. Ó yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà dé ìbẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pọ̀lọ́ ni ó kọ́kọ́ ké. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá: "Àárọ̀ o, Àjàmú. Ṣé o jí ire?"

Ọ̀pọ̀lọ́.

"Mo jí dáadáa, ọmọ mi. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà."

"Ohùn Bọ̀ọ̀dá dà?" ni Mùtíàt béèrè.

Ìgbà yẹn ni ó yé Kàfáyàt. Pupa tí wọ́n tẹ̀ ti pa ohùn ọkùnrin náà rẹ́. Kò sí i mọ́ ní òdìkejì kásẹ́ẹ̀tì náà, ìyá rẹ̀ ni ó kù tí ó ń dá àyè tó ṣófo lóhùn. Ó wo yàrá náà, ó tún rí i bí Aminata ṣe rí i. Báyìí ni ilé yìí yóò máa dún, ni ó rò. Báyìí gẹ́lẹ́, ní àràárọ̀.

Ìyá kò tíì mọ̀. Ó yí ojú rẹ̀ sí téèpù náà, ó ń retí ọmọ rẹ̀. "Kí ló dé tí Àjàmú kò sọ̀rọ̀?"

Àyè kẹta kàn. Nínú ìdákẹ́ náà, Màmúdù la ẹnu.

"Ṣé Màmúdù ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu?" ni ó wí. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ohùn wọn rí láti ilé.

"Ó ń gbọ́, ọmọ mi," ni Ìyá dáhùn láti inú téèpù. "Ó ń tọ́jú mi. Ọkàn rẹ má dàrú."

Màmúdù sún mọ́ téèpù náà. "Mo dọ̀bálẹ̀ o, Ìyá," ni ó wí, nítorí ibẹ̀ ni ó kàn. Ó mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹni tí ó ní òfìfo ni ó wà níbẹ̀ ti gbọ́ ọ, ó ti gbọ́ ọ títí ó fi há a sórí. Kàfáyàt wò ó. Ìyá náà ń wò ó. Láti inú téèpù ni wọ́n ti jọ gbọ́ oríkì náà dé òpin: "Odò kún, baba rẹ kò ṣí. Odò gbẹ, baba rẹ kò lọ." Téèpù náà pa ara rẹ̀.

"O ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀," ni Ìyá wí.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mo rò pé bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ kò ní jẹ́ kí a lọ."

"Àdìgún." Oríkì Màmúdù ni. Ó ti pẹ́ tí Ìyá ti pè é bẹ́ẹ̀, nítorí kì í dúró gbọ́ ọ mọ́. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó máa ń sáré lọ sí ọjà. "Àjàmú rántí ìlà mẹ́ta. Ìwọ ńkọ́, mélòó lo rántí nínú tìrẹ?"

Màmúdù la ẹnu. Ìlà kan ṣoṣo kò wá sí i lórí. Gbogbo wọn dúró dè é, àti Essa. Ní ìta, abọ́ tánganran tí omi gbé jáde ń kan ògiri Aminata, ó ń kàn án díẹ̀díẹ̀.

Aago ara ògiri sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́rin lù. Màmúdù na ọwọ́ sí Kàfáyàt. "Fún mi ní bírò yẹn," ni ó wí. Kàfáyàt rò pé yóò ní kí òun fọwọ́ sí i lójú Ìyá. Ó fún un. Màmúdù fa fọ́ọ̀mù náà sọ́dọ̀, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà kí ó tó sọ nù nínú orí òun náà: Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa.

Nígbà tí ó kọ ọ́ tán, ó wo Ìyá. "Tèmi," ni ó wí. "Ẹ rọra sọ ọ́."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ó ń dúró dè é ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Oríkì Àdìgún gùn ju ti Àjàmú lọ. Fẹ́rì fọn fèrè ní èbúté, kò sí ẹni tí ó gbé orí sókè. Ẹ̀yìn ìwé náà kún. Màmúdù yí i padà, ó ń kọ ọ́ lọ sí ojú rẹ̀, lórí ìlà márààrún, lórí ibi tí ó yẹ kí Kàfáyàt fọwọ́ sí.